Àpá Tó Wà Lọ́rùn Bàbá Gééti

Àpá kan wà lọ́rùn òkú náà lápá òsì, lábẹ́ àgbọ̀n. Ó fẹ̀ tó àtàǹpàkò, ó pọ́n láàárín, ó dúdú létí. Gbogbo wa tí a dúró yí i ká lẹ́sẹ̀ àtẹ̀gùn ẹ̀yìn ilé-ẹ̀kọ́ orin ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà la rí i, gbogbo wa la sì gbà pé a mọ ohun tó jẹ́. Ẹnìkan ti fún bàbá lọ́rùn. Èmi ni mo kọ́kọ́ sọ ọ́ jáde, torí pé ó ti di ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ ọlọ́pàá, mo sì rò pé ojú mi ti là tó. Dókítà wa mi orí, ó ní ó jọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kí a jẹ́ kí òun gbé òkú dé ọ́fíìsì òun ná.

Ọ̀gá mi nìkan ni kò sọ nǹkan kan. Obìnrin ni. Ó kéré sí mi lọ́jọ́ orí, ipò rẹ̀ sì ga ju tèmi lọ, nítorí náà mo ń pè é ní "mà," òun náà ń pè mí ní "bàbá," kálukú sì mọ àyè ara rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ la ń pè é ní àgọ́. Bí iná bá ń jó orùlé, yóò kọ́kọ́ bèèrè ẹni tó dáná. Ó kúnlẹ̀ ti òkú náà, ó gbé ọwọ́ òsì rẹ̀ sókè, ó wo àwọn ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó wo ti ọ̀tún, ó sì yọ kọ́kọ́rọ́ kékeré kan kúrò nínú àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó tún padà sí ọwọ́ òsì.

"Bàbá, ta ni ọkùnrin yìí?"

"Bàbá Gééti ni wọ́n ń pè é, mà. Òun ló ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ibí yìí láti ọdún mẹ́ta."

"Ṣáájú ìgbà yẹn ńkọ́?"

"Kò sẹ́ni tó mọ̀, mà."

"Ẹ wo èékánná rẹ̀."

Mo wò ó. Èékánná ni mo rí. Mi ò rí nǹkan mìíràn.

Gíwá ilé-ẹ̀kọ́ náà wá bá wa níbẹ̀. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ó de táì rẹ̀ le bí ẹni pé òun náà fẹ́ fún ara rẹ̀ lọ́rùn. Òun ló rí òkú náà nígbà tó wá ṣílẹ̀kùn ní agogo méje àárọ̀.

"Mi ò fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni láìdáa o," ó wí.

Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ báyìí, ó ti múra tán láti sọ ọ́ láìdáa nìyẹn.

"Lánàá, ní nǹkan bí agogo márùn-ún, olùkọ́ fáyólíìnì wa bá a jà. Mo gbọ́ ariwo rẹ̀ láti yàrá mi. Lójú ẹsẹ̀ ló kọ lẹ́tà sí mi pé kí n lé bàbá náà lọ." Ó yọ lẹ́tà náà fún wa. "Ọmọdébìnrin jẹ́jẹ́ ni tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ Sátidé yìí ló máa kọ́kọ́ dúró níwájú ẹgbẹ́ olórin ńlá, gbogbo ìlú ló ń retí rẹ̀. Bóyá ìyẹn ló ń da orí rẹ̀ rú."

Ìyá Onígbálẹ̀, tó ń nu ilẹ̀ lẹ́nu yàrá olùkọ́ náà nígbà tí ìjà bẹ́, jẹ́rìí sí i. Ó ní Tíṣà, bí wọ́n ṣe ń pe olùkọ́ náà, já ìwé gbà lọ́wọ́ bàbá, ó sì ń pariwo sí i bí ẹni pé ẹgbẹ́ rẹ̀ ni.

"Kí ni bàbá fi dá a lóhùn?" ọ̀gá mi bi í.

"Ó ní, 'Ẹ má bínú, mà.' Ó bá tirẹ̀ lọ. Nígbà tó kọjá lára mi, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo ní ṣé orí bàbá yìí pé báyìí?"

Fóònù mi dún. Ọ̀gá àgbà ní àgọ́ ni. Ó ti gbọ́ nípa àpá, ó ti gbọ́ nípa ìjà, ó sì pàṣẹ pé kí a gbé Tíṣà wá kí ó tó di agogo méjìlá. Mo jíṣẹ́ fún ọ̀gá mi, mo sì ti ń wá ṣẹkẹṣẹkẹ lápò.

"Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, bàbá," ó wí. "Agogo mẹ́sàn-án ni a wà yìí."

Yàrá Tíṣà wà lókè, ó kéré, ó sì gbóná. Àga méjì ló wà níbẹ̀, àti irin tí wọ́n ń gbé ìwé orin lé. Fáyólíìnì rẹ̀ wà nínú àpótí rẹ̀ lórí tábìlì. Ẹni ọdún márùndínlọ́gbọ̀n ni òun fúnra rẹ̀. Nínú ooru yẹn, ó fi ìborùn wé ọrùn rẹ̀ láti èjìká títí dé abẹ́ àgbọ̀n. Mo rí ìyẹn, mo sì mi orí sí ọ̀gá mi. Ẹni tí wọ́n bá ń fún lọ́rùn kì í ṣàì ya ẹni tó ń fún un ní èékánná.

"Kí ló fa ìjà yín?" ọ̀gá mi bèèrè.

"Mo bá a nínú yàrá yìí, ó mú pẹ́ńsù lọ́wọ́, ó ń kọ nǹkan sínú ìwé orin tí mo fẹ́ ta lórí fáyólíìnì ní Sátidé. Ó ti di oṣù mẹ́ta tí ẹnìkan ti ń ṣe é, mà. Bí mo bá dé láàárọ̀, màá bá àmì níbẹ̀: ibi tí ọrun máa gòkè, ibi tó máa sọ̀, ìka tí màá fi tẹ okùn."

"Kí ni ọrun?"

"Ọ̀pá onírun tí a fi ń ha okùn fáyólíìnì. Ọwọ́ kálukú yàtọ̀, kálukú ló ń kọ àmì tirẹ̀. Ẹni tó bá kọ ọ́ sí ìwé ẹlòmíràn láìgbàṣẹ, ó ń sọ fún un pé kò mọ iṣẹ́ rẹ̀ ni. Mo rò pé ẹgbẹ́ mi kan ló ń fi mí ṣẹ̀sín. Màá fi rọ́bà pa á rẹ́, ọjọ́ kejì màá tún bá a. Lánàá ni mo wá bá Bàbá Gééti nídìí ẹ̀. Mo gbà pé wọ́n rán an ni."

"Ṣé ẹ dán ohun tó kọ wò rí?"

"Rárá, mà. Ta ló ń gba ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ ẹni tí kò fojú hàn? Mo já ìwé náà gbà. Mo ní kí ló mọ̀ nínú orin, kó gbé ara rẹ̀ padà sẹ́nu gééti." Ó wolẹ̀. "Kò yẹ kí n sọ̀rọ̀ sí àgbàlagbà bẹ́ẹ̀. Inú ló ń bí mi. Ìlà kan wà nínú orin yẹn tó ti ń ṣẹ́gun mi láti oṣù mẹ́ta. Ṣùgbọ́n mi ò fọwọ́ kàn án. Ní agogo mẹ́fà kọjá díẹ̀ mo lọ sílé nínú òjò. Èmi nìkan ni mò ń gbé, kò sẹ́ni tó rí mi."

"Ẹ tú ìborùn yín."

Omi lé ròrò sí i lójú. Kò fẹ́ tú u. Mo dìde láti lọ dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, torí pé mo ti rí àwọn tó máa ń sá. Ó rọra tú aṣọ náà, ìpele kan tẹ̀lé òmíràn, ó sì gbé àgbọ̀n sókè. Kò sí àmì èékánná kankan níbẹ̀. Àpá kan ló wà lápá òsì, lábẹ́ àgbọ̀n. Ó fẹ̀ tó àtàǹpàkò, ó pọ́n láàárín, ó dúdú létí.

Díẹ̀ ló kù kí n bèèrè ẹni tó fún òun náà lọ́rùn.

"Ìgbà wo lẹ ti ní i?" Ohùn ọ̀gá mi rọlẹ̀ gan-an.

"Láti ọmọ ọdún mẹ́wàá. Gbogbo àwa tí a ń ta fáyólíìnì la ní i, mà. Ibẹ̀ ni igi rẹ̀ máa ń há sí. Àwọn èèyàn máa ń ro nǹkan mìíràn sí i, ojú sì ń tì mí, ni mo ṣe ń bò ó."

"Bí èèyàn bá fi iṣẹ́ yín sílẹ̀, ṣé ó máa ń parẹ́?"

"Láàárín oṣù díẹ̀, á ṣá. Kó tó lè pọ́n báyìí, èèyàn á máa ta á ní wákàtí mẹ́ta, mẹ́rin lójúmọ́."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n rí ọwọ́ yín méjèèjì."

Ó nawọ́. Wọ́n gé èékánná ọwọ́ òsì kan ẹran, orí àwọn ìka náà sì le. Èékánná ti ọ̀tún gùn díẹ̀ bíi ti gbogbo obìnrin. Nígbà náà ni mo tó mọ ohun tí ọ̀gá mi fẹ́ kí n rí lẹ́sẹ̀ àtẹ̀gùn. Bákan náà gẹ́lẹ́ ni ọwọ́ òkú yẹn rí.

Mi ò mọ ìdí tó fi bèèrè ìbéèrè tó kàn. Bóyá òun náà kò mọ̀ ọ́n nígbà yẹn. Ó ní, "Ta ló kọ́kọ́ fà yín wọ iṣẹ́ yìí?"

"Kò sẹ́ni tó fà mí. Ìyá àgbà mi kò fẹ́ rárá, ó ní fáyólíìnì ló ba ilé àwọn jẹ́. Bàbá mi ń ta á. Ó tìtorí rẹ̀ lọ sí òkè òkun nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún méjì, kò padà wá. Nígbà tí mo pé ọdún méje ìyá mi kú. Ìyá àgbà ní ọkùnrin náà yọjú lẹ́ẹ̀kan lẹ́yìn ìsìnkú, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àpótí rẹ̀ lọ́wọ́, òun sì sọ fún un pé ibi tó wà nígbà tí ara ìyàwó rẹ̀ kò yá, kó padà síbẹ̀. Wọ́n ti jó gbogbo fọ́tò rẹ̀. Mi ò mọ ojú rẹ̀." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ohun kan ṣoṣo tí mo mọ̀ ni pé nígbà tí eyín ń yọ lẹ́nu mi, mo gé etí fáyólíìnì rẹ̀ jẹ. Ìyá mi ní bí bàbá mi ṣe kígbe, èèyàn á rò pé ara rẹ̀ ni mo gé jẹ."

A sọ̀ kalẹ̀. Lórí àtẹ̀gùn ni dókítà ti pè wá láti ọ́fíìsì rẹ̀: egungun ọ̀fun òkú náà kò ṣẹ́, ẹ̀jẹ̀ kò dì lábẹ́ àpá yẹn, awọ ibẹ̀ nípọn bíi ti àtẹ́lẹwọ́ àgbẹ̀. Ọkàn rẹ̀ ló dá iṣẹ́ dúró, ó ṣubú, orí rẹ̀ sì gbá etí àtẹ̀gùn.

"Ó tán nìyẹn, mà," mo wí. "Kò sí apànìyàn."

"Kò tíì tán, bàbá. Ọkùnrin kan ń ta fáyólíìnì ní wákàtí mẹ́ta lójúmọ́ nínú ilé tó kún fún olórin, etí kankan kò sì gbọ́. Níbo ló ti ń ta á?"

Nínú yàrá kékeré tó wà lẹ́nu gééti, a rí ìwé tó ń kọ ìwọlé àti ìjáde àwọn èèyàn sí. Fún àwọn yòókù, aago nìkan ló kọ. Gíwá ló jáde kẹ́yìn lánàá, ní agogo méje. Ó hàn gbangba pé bàbá wà láàyè pẹ́ lẹ́yìn tí Tíṣà ti lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀gá mi kò kúrò lórí ìlà ti Tíṣà. Ó ní kí n kà á sókè.

"'Olùkọ́ fáyólíìnì. Agogo mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Òjò ń rọ̀. Kò mú agbòjò.'"

Ó ṣí ewé ìwé náà padà sẹ́yìn. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá: 'Ó ń wúkọ́.' Oṣù tó kọjá: 'Ó rẹ́rìn-ín lónìí.' Ọdún mẹ́ta gbáko, fún un nìkan. Mo pa ìwé náà dé, mi ò sì tún sọ̀rọ̀ ṣẹkẹṣẹkẹ mọ́.

Kọ́kọ́rọ́ tó wà lọ́wọ́ òkú kò wọ gééti, kò wọ yàrá rẹ̀. Ìyá Onígbálẹ̀ ló rántí yàrá kan nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn ẹ̀yìn, níbi tí wọ́n ń kó àga tó ti ṣẹ́ sí. Bàbá ní kó má yọ ara rẹ̀ lẹ́nu níbẹ̀, òun ló ń bá eku ibẹ̀ jà. "Nígbà mìíràn, bí mo bá pẹ́ jáde," ó wí, "mo máa ń gbọ́ ohùn kan bíi ti ẹ̀fọn. Mo rò pé wáyà iná ni."

Kọ́kọ́rọ́ náà wọ ibẹ̀. Àga kan ló wà nínú yàrá náà tí kò ṣẹ́. Àpótí fáyólíìnì kan sì wà lórí rẹ̀, ó ti gbó ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Nígbà tí ọ̀gá mi ṣí i, a rí rọ́bà kékeré kan tí wọ́n fi há ibi tí okùn gbé dúró lé, kí ohùn rẹ̀ má bàa jáde. Ẹ̀fọn Ìyá Onígbálẹ̀ nìyẹn.

"Ẹ ò rí i?" Gíwá ti dé ẹ̀yìn wa. "Ó ti jí fáyólíìnì wa."

"Ẹ lọ ka tiyín," ọ̀gá mi wí.

Ó lọ, ó kà á, ó padà wá. Ọ̀kankan kò dín. Ìwọ̀nba ìgbà tó fi lọ ni ọ̀gá mi fi tẹ́ àwọn ìwé tó wà nísàlẹ̀ àpótí náà sórí ilẹ̀: ìwé ìpolówó ọjọ́ orin, ogún, ọgbọ̀n, láti ìlú dé ìlú. Ọkùnrin kan náà ló wà lára gbogbo wọn, ó kọ́kọ́ jẹ́ ọ̀dọ́ tí aṣọ kò bá a mu, lẹ́yìn náà ó di ẹni tí orúkọ rẹ̀ tóbi ju orúkọ gbọ̀ngàn lọ. Gíwá wo ọ̀kan, ó sì fìdí jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú ṣòkòtò rẹ̀ tó mọ́ nigínnigín.

"Mo wà níbẹ̀," ó wí. Ìwé tó kẹ́yìn ló mú lọ́wọ́. "Ọdún kejìdínlógún rèé. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí nígbà náà, mo dúró lẹ́yìn pátápátá. Kò sí ẹni tó ń ta fáyólíìnì nígbà ayé wa tí kò fẹ́ jọ ọkùnrin yìí. Ó ta á dé ìdajì, ó sì dúró. Ọgọ́ta olórin wà lẹ́yìn rẹ̀, àwọn náà dúró. Ó tẹrí ba fún wa, ó jáde, a kò rí i mọ́. Ó dà bí ẹni pé wọ́n ti sọ ọ̀rọ̀ kan fún un kó tó gun orí ìtàgé, tó sì rò pé òun lè gbé e." Ó nu ojú rẹ̀. "Inú mọ́tò ni mo ti máa ń ju kọ́kọ́rọ́ sí i. Ọdún mẹ́ta. Mi ò wo ojú rẹ̀ rí."

Mo ṣírò rẹ̀ lọ́kàn mi. Ní ọdún méjìdínlógún sẹ́yìn, Tíṣà jẹ́ ọmọ ọdún méje, ọdún tí ìyá rẹ̀ kú.

Ọ̀gá mi gbé fáyólíìnì náà lọ síbi ìmọ́lẹ̀. Ó yí i padà wẹ́rẹ́, ó dúró, ó sì pè mí. Létí igi náà nísàlẹ̀, àmì kéékèèké mẹ́rin wà níbẹ̀, méjì lókè, méjì nísàlẹ̀. Wọ́n ti fi òróró nu gbogbo ara fáyólíìnì náà títí ó fi ń dán, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó gbìyànjú láti dí àmì wọ̀nyẹn.

Wọ́n ní ikú yá ju ẹ̀sín. Ọkùnrin yìí fi ọdún mẹ́ta jẹ ẹ̀sín lẹ́nu gééti kó lè máa rí ọmọ rẹ̀ bó ṣe ń wọlé, bó ṣe ń jáde. Èmi náà bí ọmọ. Mo kọjú sí ògiri fún ìgbà díẹ̀, ọ̀gá mi sì ṣe bí ẹni tí kò rí mi.

Agogo mọ́kànlá ti lù nígbà tí a padà sókè. Tíṣà ti wé ìborùn rẹ̀ padà, ó sì ti kó ẹrù rẹ̀ sínú báàgì kan, bí ẹni tó ń retí pé a máa mú òun lọ.

"Ṣé ẹ ti rí ẹni tó pa á, mà?"

"Kò sẹ́ni tó pa á. Ọkàn rẹ̀ ló dúró. Ẹ lè lọ ta orin yín ní Sátidé."

Ó mí kanlẹ̀, ó fi ọwọ́ bo ojú, ó ń dúpẹ́. Ọ̀gá mi jẹ́ kó dúpẹ́ tán. Lẹ́yìn náà ó gbé fáyólíìnì àtijọ́ náà lé orí tábìlì, ó sì yí etí rẹ̀ sí i.

Kò kọ́kọ́ yé e. Ó wo igi náà bí oníṣẹ́ ṣe ń wo irinṣẹ́ ẹlòmíràn. Ìka rẹ̀ wá kan àwọn àmì náà, ó sì dúró níbẹ̀. Kò sunkún. Ó wù mí kó sunkún.

"Mo kọ lẹ́tà pé kí Gíwá lé wọn lọ," ó wí níkẹyìn. "Wọ́n ń pè mí ní mà." Ó gbé ọwọ́ kúrò lára igi náà. "Kí ló dé tí wọn ò sọ fún mi?"

"Iṣẹ́ mi ni kí n mọ ẹni tó ṣe nǹkan," ọ̀gá mi dáhùn. "Ohun tó wà nínú ẹni tó ti kú, mi ò ní àṣẹ tí mo lè fi ṣí i."

"Oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi ń kọ́ mi. Gbogbo rẹ̀ ni mo pa rẹ́."

Ọ̀gá mi mú ìwé orin náà kúrò lórí irin rẹ̀, ó gbé e sójú fèrèsé. Ẹni tó kọ àmì náà a máa tẹ pẹ́ńsù mọ́ ìwé gan-an. Rọ́bà ti kó dúdú rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ojú ibi tó tẹ̀ ṣì jin, oòrùn sì ń hàn níbẹ̀. Tíṣà sún mọ́ ọn. Ó wá pẹ́ńsù tirẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tọ ojú àmì náà lọ́kọ̀ọ̀kan bí ọmọ tó ń kọ́ ìwé kíkọ. Fóònù mi dún lẹ́ẹ̀mejì, mo pa á.

Nígbà tó ṣe tán, ó tú ìborùn rẹ̀ sílẹ̀. Ó yọ rọ́bà yẹn kúrò lára fáyólíìnì bàbá rẹ̀, ó gbé e há abẹ́ àgbọ̀n, ó yí okùn rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀. Èmi kò mọ orin. Ṣùgbọ́n mo mọ ìgbà tó dé ìlà tó ní ó ń ṣẹ́gun òun, torí pé ó di ojú pọ̀ bí ẹni tó fẹ́ fo kòtò. Ó ṣe é bí àmì ṣe wí, ó sì kọjá. Ìyá Onígbálẹ̀ ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, ìgbálẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Lẹ́yìn ìlà méjì sí i, láàárín ohùn kan, ó dá ọrun dúró. Mo rò pé ó ti gbàgbé ni. Mo wo ìwé náà: àmì tó wà níbẹ̀ kò parí, pẹ́ńsù ti ya gbọọrọ títí dé etí ìwé, lẹ́yìn rẹ̀ kò sí nǹkan kan mọ́.

"Ibí yìí," ó wí, fáyólíìnì náà ṣì wà lábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀. "Ibí yìí ni mo ti já a gbà lọ́wọ́ wọn."